BPM tó dọ́gba nìkan kò tó
Wọ́n ń pín in kiri pé bí BPM (iye ìlù láàárín ìṣẹ́jú kan) orin méjì bá ti dọ́gba, iṣẹ́ DJ tó fẹ́ so wọ́n pọ̀ parí. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Bí orin ṣe yá tó ni BPM ń sọ. Kò sọ ibi tí ìlù ti ń balẹ̀. Ẹ gbé orin 120 BPM kan náà sórí dẹ́ẹ̀kì (ẹ̀rọ tí DJ fi ń gbé orin jáde) méjèèjì, kí ẹ tẹ èkejì pẹ́ díẹ̀. Nọ́ńbà kò yàtọ̀, síbẹ̀ ìlù ń kọlu ara wọn.

Ẹ ka ìlù láti 1 dé 4, kí orin tuntun wọlé lórí 1, níbi tí ẹsẹ orin ti bẹ̀rẹ̀.

Sync pàápàá, bọ́tìnì tó ń mú ìlù orin méjì bára mu fúnra rẹ̀, gbára lé ìlà tí kọ̀ǹpútà fà láti sàmì ibi tí ìlù ti ń balẹ̀. Nínú jùjú àtijọ́ tí wọ́n fọwọ́ lù, eré ìlù máa ń yí díẹ̀díẹ̀, ìlà náà á sì yẹ̀. Ẹ fi hẹ́dífóònù yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó ṣí fédà, ìyẹn ohun tí ẹ ń tì kí ohùn orin tó jáde.