Ṣé kí n fi owó kajú ra ṣíà PZ?

Ọmọ Ìsánlú: Òkun o, ẹ̀yin ará ilé. Mo ti ta kajú tọdún yìí. Lẹ́yìn tí mo sanwó fún àwọn tó bá mi ṣa á, ₦400,000 ló kù sí mi lọ́wọ́. Mo fẹ́ fi ra ṣíà PZ Cussons Nigeria, àwọn tó ń ṣe ọṣẹ Joy àti Premier. Wọ́n pàdánù bílíọ̀nù 76 náírà nínú ọdún ìṣúná tó parí ní May 2024, gbogbo èèyàn ń sá fún wọn, èmi sì rò pé ìgbà yẹn gan-an ló yẹ kéèyàn wọlé. Ta ni kò ní wẹ̀? Mo tún gbọ́ pé wọ́n ta iṣẹ́ òróró Mamador ní mílíọ̀nù 70 dọ́là. Bí owó yẹn bá wọlé, wọ́n á rí nǹkan pín fún wa. Ẹ bá mi dá sí i.

Ìyá Ọlọ́jà Kàbà: Ọmọ mi, o káre, o kò ná an sí ìnáwó òkú. Àmọ́ èmi ni mò ń ta ọṣẹ yẹn. Kó tó di 2023, páálí Joy àti Premier kì í pẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù mi. Ní báyìí, oníbàárà á gbé e, á béèrè iye rẹ̀, á rọra gbé e padà, á wá mú ọṣẹ gígé tí kò lórúkọ. Àwọn tó ń po ọṣẹ nínú ọgbà ilé wọn pọ̀ nílùú yìí ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ. Nínú ọjà wọn, Robb tí a fi ń para nìkan ni kò tíì rí orogún. Tí ọyẹ́ bá ti ń fẹ́, kò sẹ́ni tó ń ná Robb. Morning Fresh tí wọ́n fi ń fọ abọ́ ti di ti àwọn tó ń gbowó oṣù, àwọn yẹn náà ń fi omi là á.

Oníṣirò Lọ́kọ́ja: Ẹ̀gbọ́n Ìsánlú, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ Mamador. PZ Wilmar tó ń ṣe òróró yẹn kò sí lára PZ Nigeria tẹ́ ẹ fẹ́ ra ṣíà rẹ̀. Iléeṣẹ́ àgbà wọn nílùú Ọba ló ni ìdajì rẹ̀, òun ló bá Wilmar ṣàdéhùn láti tà á ní June 2025. Manchester tí iléeṣẹ́ àgbà wà ni mílíọ̀nù 70 dọ́là yẹn ń lọ, kò ní yà ní Ìlúpéjú l'Ékòó tí PZ Nigeria wà.

Ní ti bílíọ̀nù 76, ọṣẹ kọ́ ló dá wọn lóró, gbèsè dọ́là ni. Kí CBN tó tú náírà sílẹ̀ ní June 2023, dọ́là kan kò tó ₦500 lọ́jà ìjọba. Kí February 2024 tó parí, ó ti kọjá ₦1,500. Iléeṣẹ́ tó bá jẹ dọ́là sílẹ̀, bí kò tiẹ̀ yá kọ́bọ̀ kún un, gbèsè rẹ̀ ti di ìlọ́po mẹ́ta nínú ìwé. Kì í ṣe PZ nìkan. Nestlé pàdánù bílíọ̀nù 79 ní 2023, ó tún pàdánù 164 ní 2024. Owó ọjà PZ gan-an ròkè lọ́dún òfò yẹn, láti nǹkan bíi bílíọ̀nù 114 lọ sí 152.

Ẹ fi èyí ṣe ìṣirò: ṣíà wọn lápapọ̀ sún mọ́ bílíọ̀nù mẹ́rin. Pín 76 sí i, bíi náírà 19 ló bọ́ lára ṣíà kọ̀ọ̀kan lọ́dún kan ṣoṣo.

Ọ̀dọ́ Ìyámoyè: Oníṣirò ti bá mi sọ ọ́! Bó bá jẹ́ dọ́là ló fa òfò, tí dọ́là sì ti ń dúró sójú kan, kí ni yóò tún fà á? Ní 2025, ìwé oṣù mẹ́ta-mẹ́ta wọn ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi èrè hàn. Ṣíà Nestlé kan parí 2024 ní ₦875, ó kọjá ₦1,500 ní 2025. Ìgbà tẹ́ ẹ ń ké òfò, òfò, àwọn kan ń rà á. Ẹ̀gbọ́n, ẹ kó gbogbo ẹ̀ lé e.

Àgbà Ìyàrà: Gbogbo ẹ̀ kẹ̀? Ìwọ ọmọ yìí, kíláàsì wo lo wà ní 2008? Ní March ọdún yẹn, òǹkà ọjà ṣíà kọjá 66,000. Wọ́n ń polówó ṣíà lórí rédíò bí ìgbà tí wọ́n ń polówó àgbo jẹ̀díjẹ̀dí. Mo yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa, mo fi ra ti báńkì kan tí n kò ní dárúkọ. Nígbà tó fi máa di ìbẹ̀rẹ̀ 2009, òǹkà yẹn ti wálẹ̀ sí bíi 20,000. Báńkì náà ti wọlẹ̀, gbèsè ẹgbẹ́ kò wọlẹ̀. Orúkọ ńlá ni òun náà o.

Ọ̀dọ́ Ìyámoyè: Bàbá, ẹ má bínú, ẹ̀yin lẹ ni òwe: ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó rí ekòló, sísá ni. Owó yíyá lẹ fi rà á nígbà náà. Owó oko ni ti ẹ̀gbọ́n.

Àgbà Ìyàrà: O ṣe é, wàá rí òmíràn pa. Àwọn tó fi owó ara wọn rà á náà bá mi sunkún. Tí mo bá fi owó mi sí treasury bill, ìyẹn owó tí à ń yá ìjọba, mo mọ ọjọ́ tí yóò padà. Ní 2024, èrè ti ọlọ́dún kan kọjá ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún. Kí ló dé tí màá máa lé ọṣẹ kiri?

Ìyá Ọlọ́jà Kàbà: Oníṣirò, àbúrò mi, o ní owó ọjà wọn lọ láti 114 sí 152. Ṣé páálí ló pọ̀ sí i ni, àbí owó orí páálí? Torí lọ́dún yẹn, owó tí mo fi ń ra páálí kan fẹ́rẹ̀ẹ́ di méjì, páálí tí mò ń rà sì dínkù. Ẹ má fi náírà ka ọjà fún mi.

Oníṣirò Lọ́kọ́ja: Màmá, ẹ gbá a lórí. Láti 114 sí 152, bí ìdá 34 nínú ọgọ́rùn-ún ló fi lé. Ọ̀wọ́n gógó tí ìjọba kéde fún May 2024 jẹ́ ìdá 33.95 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìyẹn ni pé ọjà wọn kò dàgbà rárá, náírà ló fẹ́lẹ̀. N kò fi bẹ́ẹ̀ ka ìyẹn sí nígbà tí mò ń kọ ti àkọ́kọ́.

Ohun tó ń kọ mí lóminú jù ni ẹni tó ni ilé. Ìlú Ọba ló ni ìdá 73. Ní 2023, wọ́n fẹ́ ra tọwọ́ àwọn onípín kékeré tán pátápátá, wọ́n dá 21 náírà lé ṣíà kan, wọ́n sún un sí 23. SEC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ọjà ṣíà, kò fọwọ́ sí i, ó forí ṣánpọ́n. Ní 2024, wọ́n tún kéde pé àwọn ń yẹ iṣẹ́ àwọn ní Áfíríkà wò bóyá kí àwọn tà á. Ẹni tó fẹ́ lé yín jáde ní 2023, tó tún ń wò ó bóyá kí òun tà á ní 2024, ẹ̀yin lẹ fẹ́ wọlé tọ̀ ọ́.

Gbèsè dọ́là náà ńkọ́? Ní 2024, Cadbury sọ lára gbèsè tó jẹ àwọn ọ̀gá rẹ̀ di ṣíà fún wọn. Gbèsè á fúyẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìpín tọwọ́ ẹni tí kò dá owó kún un á kéré sí i. Ó ṣeé ṣe kí PZ náà tọ ọ̀nà yẹn.

Ọ̀dọ́ Ìyámoyè: Tí wọ́n bá tà á ńkọ́? Diageo ta Guinness Nigeria fún Tolaram ní 2024. Òfin sì ní ẹni tó bá ti gba ìdá 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ wá dá owó fún àwọn onípín kékeré pẹ̀lú. Àǹfààní tèmi nìyẹn.

Oníṣirò Lọ́kọ́ja: Òfin ní kó dá owó, kò ní kó dá iye tó wù ọ́.

Ẹ̀gbọ́n Ìsánlú, ìbéèrè kan: ṣé ẹ ń retí èrè ọdọọdún ni, àbí ẹ fẹ́ kí iye rẹ̀ gòkè kẹ́ ẹ tà á? Torí òfò 2024 jẹ owó onípín wọn, ìyẹn ohun tó kù bí wọ́n bá yọ gbèsè kúrò nínú ohun ìní, wọ ìsàlẹ̀ òdo. Inú èrè tí òfin gbà kí wọ́n pín nìkan ni wọ́n ti lè san nǹkan fún yín. Ihò yẹn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kún.

Ọmọ Ìsánlú: Ha. Èrè yẹn ni mo fẹ́ máa fi kún owó ilé ìwé. Àwọn ọmọ méjì ló wà ní Yunifásítì Ìlọrin, ₦250,000 ni mo gbọ́dọ̀ ní lọ́wọ́ kí January tó wọlé.

Ìyá Ọlọ́jà Kàbà: Owó ilé ìwé ọmọ lo fẹ́ fi ra ṣíà! Ọmọ mi, ibi tó yẹ kó o ti bẹ̀rẹ̀ àlàyé rẹ nìyẹn, a ti ń jiyàn látàárọ̀.

Àgbà Ìyàrà: Ó tán. ₦250,000 kò gbọdọ̀ dé ìtòsí ọjà yẹn. Èyí tó kù, ṣe bó ṣe wù ọ́.

Ọmọ Ìsánlú: Mo ti gbọ́ o. ₦250,000 á jókòó sí báńkì. Nínú ₦150,000 tó kù, màá fi ₦100,000 ra PZ, kì í ṣe torí èrè ọdọọdún mọ́. Màá wò ó fún ọdún mẹ́ta. Màmá, ẹ jọ̀ọ́, tí páálí bá ti ń yára tán ní ṣọ́ọ̀bù yín, ẹ ta mí lólobó.

Ọ̀dọ́ Ìyámoyè: ₦100,000 péré. Ẹ óò fi orí yín gbá ògiri lọ́dún tó ń bọ̀.

Àgbà Ìyàrà: Orí tirẹ̀ ni, ògiri tirẹ̀ ni.

Oníṣirò Lọ́kọ́ja: Ẹ̀gbọ́n, búrókà tẹ́ ẹ bá fẹ́ lò, ẹ wo orúkọ rẹ̀ nínú ìwé SEC kẹ́ ẹ tó fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́, torí àwọn tó ń pe ara wọn ní búrókà lórí WhatsApp ti pọ̀ ju ṣíà lọ. BVN yín ni wọ́n á fi ṣí àkáǹtì CSCS, níbi tí wọ́n ń tọ́jú ṣíà yín sí. Ọjọ́ yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ kọ fọ́ọ̀mù e-dividend pẹ̀lú, kí owó èrè yín lè máa wọ báńkì yín tààrà.

Àgbà Ìyàrà: Ìyẹn ṣe pàtàkì. Ìwé owó èrè mi kan ṣì wà lọ́wọ́ rẹ́jísírà kan títí di òní, wọ́n ní ìfọwọ́síwèé mi kò jọra wọn. Ọwọ́ ló ń darúgbó.