Pọ́n-ùn Bíáfírà kì í ṣe owó mílíọ̀nù

Ẹ̀gbọ́n, mo rí àwòrán tí ẹ fi ránṣẹ́. Ẹni tó ń ta owó àtijọ́ fún yín ní Iléṣà ní pọ́n-ùn kan Bíáfírà wọ́n bí ojú, pé Báǹkì Àpapọ̀ máa fi mílíọ̀nù gbà á. Rárá o! Àbí ọmọ òṣómàáló ni wọ́n fẹ́ fi owó rẹ́ jẹ?

Ṣílè márùn-ún àti pọ́n-ùn kan ni Bíáfírà kọ́kọ́ gbé jáde ní 1968, nígbà tí Nàìjíríà yí owó tirẹ̀ padà. Ní 1969 ni ṣílè mẹ́wàá, pọ́n-ùn márùn-ún àti mẹ́wàá dé. Pọ́n-ùn kan tí wọ́n tún tẹ̀ ní 1969 wọ́pọ̀ gan-an lọ́wọ́ àwọn tó ń kó o jọ. Pọ́n-ùn márùn-ún àti mẹ́wàá ló ṣòro rí. Látìgbà tí ogun sì ti parí ní 1970, kò sí báǹkì tó ń gbà á.

Ẹwà rẹ̀ ni kí ẹ tìtorí ẹ̀ rà á. Ẹ wo igi ọ̀pẹ àti oòrùn tó ń yọ níwájú. Ẹ yí ṣílè márùn-ún sẹ́yìn, ẹ ó rí ọmọbìnrin mẹ́rin. Èyí tí wọn ò ká rí ni kí ẹ mú. Ẹ má sì fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́ o, iye rẹ̀ á já wálẹ̀ ni.