Ẹ má tì í pa o
Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kọ pé àfi kí wọ́n ti ilé ìtajà onígi yẹn pa kó má bàa bàjẹ́, mi ò gbà yẹn o. Ẹ lọ wo Market House, ilé ọjà àtijọ́ kan ní Ledbury n'ílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, 1617 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, igi ni wọ́n fi kọ́ ọ, orí òpó 16 ló dúró lé, òkè ni wọ́n ń kó ọkà sí nígbà yẹn, títí dòní wọ́n ṣì ń pàtẹ lábẹ́ ẹ̀. Mo ti ra ẹ̀fọ́ níbẹ̀, mo fọwọ́ kan òpó ẹ̀, ó ti sán lójú àmọ́ ó le bí irin. Bọ̀dá tó ní igi á sáà jẹrà, ilé tí èèyàn ń wọ̀ tó ń jáde ni wọ́n máa ń tètè rí ibi tó ti ń jò, èyí tí wọ́n tì pa l'òjò máa ń bà jẹ́ kẹ́nikẹ́ni tó mọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, kí wọ́n tún òrùlé ilé ìtajà onígi tẹ́ ẹ ní kí wọ́n tì pa yẹn ṣe, kí wọ́n sì jẹ́ kí àwọn ọlọ́jà padà síbẹ̀.