Ọfọ̀ Tí Ẹ̀rọ Ò Fi Ní Parọ́ Mọ́

Ọ̀rẹ́ mi kan ti di ọlọ́fọ̀. Kì í ṣe ti òkígbẹ́, kì í ṣe ti gbẹ́tugbẹ́tu. Orí kọ̀ǹpútà ló ń pe tirẹ̀ sí. Kó tó bi AI, ẹ̀rọ tó ń dáhùn ìbéèrè bí èèyàn, ní nǹkan kan, yóò kọ́kọ́ ka oríkì rẹ̀ bí ẹni wà láàfin: "Ìwọ ọ̀jọ̀gbọ́n àgbà, ìwọ tó ti lo ọgbọ̀n ọdún lẹ́nu iṣẹ́, ìwọ tí kì í parọ́, tí kì í ṣàṣìṣe. Mí kanlẹ̀. Fara balẹ̀. Jọ̀ọ́, má parọ́ fún mi, ọ̀nà oúnjẹ mi ló wà lọ́wọ́ rẹ." Ojú ìwé méjì gbáko. Nígbà tí oríkì parí, ó wá bi í pé lẹ́tà "r" mélòó ló wà nínú "strawberry".

Ẹ̀rọ ní méjì.

Mo gbìyànjú láti là á yé e. Ẹ̀rọ yẹn ò rí lẹ́tà kankan. Kí ọ̀rọ̀ tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, wọ́n ti gé e sí ègé-ègé, wọ́n sì ti sọ ègé kọ̀ọ̀kan di nọ́ńbà. Ohun tí ojú rẹ̀ ò tó lo ní kó kà, oríkì ò sì í ṣe awò ojú. Ọ̀rẹ́ mi mi orí. Ó ní òun ti mọ ibi tó ti bà jẹ́: òun gbàgbé láti fi "ẹ ṣeun, ọ̀gá" kádìí rẹ̀.

Kì í kúkú ṣe òun nìkan. Àṣà tó gbòde nìyí. Ẹni tí kò mọ ohun tó ń jẹ́ AI lánàá ti ń ta àádọ́ta ọfọ̀ tí ẹ̀rọ ò fi ní parọ́ mọ́. Àwọn kan ń dẹ́rù bà á, àwọn kan ń bẹ̀ ẹ́. Lápá ìparí ọdún 2023, àwọn kan tilẹ̀ ń ṣèlérí fún un pé bó bá dáhùn dáadáa, àwọn á fi 200 dọ́là ta á lọ́rẹ. (Àpò wo ló fẹ́ kó o sí? Ó ṣáà dáhùn, kò sì sẹ́ni tó san kọ́bọ̀. Nínú àwọn méjèèjì, ta ni òpùrọ́?)

Kí n má tàn yín, ọfọ̀ náà ní orísun. Lọ́dún 2022, àwọn olùṣèwádìí rí i pé bí a bá ní kí ẹ̀rọ ro ìṣirò ní ìpele-ìpele, ó máa ń gbà á ju tàtẹ̀yìnwá lọ, nítorí ohun tó bá kọ sílẹ̀ ló ń fi ṣe àkàbà gun èyí tó kàn. Nígbà tó di 2023, àwọn ti Google DeepMind, ẹ̀ka AI ilé iṣẹ́ Google, ní kí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ wá gbólóhùn tó máa ṣiṣẹ́ jù jáde. Èyí tó mókè nínú ìdánwò ìṣirò kan, fún ẹ̀rọ kan nínú tiwọn, ní "mí kanlẹ̀" níbẹ̀rẹ̀. Ìdánwò kan, ẹ̀rọ kan. Àwọn ọlọ́fọ̀ gbọ́ "mí kanlẹ̀", wọn ò dúró gbọ́ ìyókù. Ohun tí kò ní ẹ̀dọ̀fóró ni gbogbo ayé wá ń rọ̀ pé kó mí.

Ẹ jẹ́ ká dé New York. Lọ́dún 2023, àwọn agbẹjọ́rò kan kó àwọn ẹjọ́ tí ChatGPT, ẹ̀rọ AI kan, hun jọ lọ síwájú adájọ́: ẹjọ́ tí ẹnikẹ́ni ò pè rí, tí ẹnikẹ́ni ò sì dá rí. Ẹ má sọ pé agbẹjọ́rò náà ò yẹ̀ ẹ́ wò o. Ó yẹ̀ ẹ́ wò! Ó bi ChatGPT bóyá òótọ́ ni ẹjọ́ wọ̀nyẹn. ChatGPT ní òótọ́ ni. Adájọ́ Castel ní kí wọ́n lọ san 5,000 dọ́là. Irọ́ tí àwọn àgbà ní ó lè lọ fún ogún ọdún, èyí ò lọ tó oṣù mẹ́rin.

Ibo gan-an ni àrùn irọ́ pípa yìí ti wá? Ní oṣù kẹsàn-án 2025, àwọn olùṣèwádìí OpenAI, ilé iṣẹ́ tó ṣe ChatGPT, kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn ìdánwò tí à ń fi wọn ẹ̀rọ wọ̀nyí ń fún ẹni tó méfò ní máàkì bó bá bọ́ sí i, ẹni tó sì sọ pé "mi ò mọ̀" gba òdo. Akẹ́kọ̀ọ́ wo ni kò ní méfò? Àwa náà ń kọ́? Ẹ̀rọ tó bá jẹ́wọ́ pé òun ò mọ̀, a ó pa á tì, a ó lọ bá èyí tí ẹnu rẹ̀ ń dún gbọ̀ngbọ̀n.

Àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ gidi wà, àmọ́ iṣẹ́ wọn ò ṣeé fọ́nnu. Wọ́n á ní kí ẹ̀rọ kọ́kọ́ ṣí ìwé kó tó la ẹnu. Wọ́n á fún àwọn nọ́ńbà tí ẹ̀rọ fi ń ṣiṣẹ́ pọ̀ kí wọ́n má bàa gba àyè púpọ̀: bílíọ̀nù 7 nọ́ńbà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ bíìtì 16 (bíìtì ni ẹyọ tó kéré jù tí kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú nǹkan) á gba gígábáìtì 14, bí wọ́n bá sọ ọ́ di bíìtì 4, ó di 3.5, kọ̀ǹpútà àgbélétan á gbé e. Mixtral, ẹ̀rọ AI kan tó jáde ní oṣù kejìlá 2023, ní "amòye" mẹ́jọ, ìyẹn ẹ̀yà ara ẹ̀rọ náà, ní ìpele kọ̀ọ̀kan. Méjì péré ló ń jí fún ègé ọ̀rọ̀ kan, mẹ́fà ń sùn. Ó jọ ọ́fíìsì kan tí mo mọ̀, àmọ́ àwọn wọ̀nyí mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni, kí iná má bàa ṣòfò.

Ọ̀rẹ́ mi gbọ́ pé kò yẹ kéèyàn máa fi iná ṣòfò. Ló bá tún ọfọ̀ rẹ̀ tò. Ìbéèrè kan, ó ń bi ẹ̀rọ nígbà márùn-ún kí àwọn ìdáhùn lè dìbò. Ẹ̀rọ kejì ń ka ìbò. Ẹ̀kẹta ń ṣọ́ èyí tó ń ka ìbò. Gbogbo wọn ló sì ń ka ojú ìwé méjì oríkì yẹn látòkè délẹ̀. Ní oṣù kẹrin 2025, Sam Altman, ọ̀gá OpenAI, ní "jọ̀ọ́" àti "ẹ ṣeun" táwọn èèyàn ń kọ ti ná àwọn ní ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù dọ́là. Bí "jọ̀ọ́" nìkan bá jẹ tó bẹ́ẹ̀, oríkì ńkọ́?

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo bi ọ̀rẹ́ mi bó ṣe mọ̀ pé ọfọ̀ náà ń jẹ́.

"Mo bi ẹ̀rọ náà ni," ó dá mi lóhùn. "Ó ní nínú ọgọ́rùn-ún ọ̀rọ̀ tóun ń bá mi sọ, mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún ti di òótọ́ báyìí."

Mo ní kí ló dé tí kò fi pé ọgọ́rùn-ún.

Ó ní ẹ̀rọ náà ò fẹ́ gbéra ga ni.