Àjẹ́ Ké Lánàá, Ọmọ Kú Lónìí: Ìmọ̀ràn fún Ẹni Tí Ó Fura Pé Wọ́n Mọ̀ọ́mọ̀ Ba Ọkọ̀ Òun Jẹ́

Àwọn àgbà a máa pa á lówe pé, "Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ?" Ọgbọ́n wà nínú òwe náà, nítorí pé ohun burúkú tí ó bá tẹ̀ lé ìhalẹ̀ kì í sábà jẹ́ àjèjì sí ìhalẹ̀ ọ̀hún. Síbẹ̀, ìbéèrè ni àwọn àgbà fi parí rẹ̀. Wọn kò sọ pé ẹnikẹ́ni rí àjẹ́ náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ. Igbe nìkan ni wọ́n gbọ́. Òwe yìí gan-an ni ó máa ń wá sí ẹnu ẹni tí ó jí ní òwúrọ̀, tí ó bá ilà gígùn lára ilẹ̀kùn ọkọ̀ rẹ̀ tàbí táyà méjì tí ó ti sùn sílẹ̀, tí ó sì rántí pé òun àti aládùúgbò òun ṣe gbólóhùn asọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ àná lórí ibi tí òun gbé ọkọ̀ sí. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ gbà ní ìmọ̀ràn, kí ó má bàa sọ ìfura rẹ̀ di ẹlẹ́rìí kí ilẹ̀ tó mọ́ tán.

Kò sí ẹni tí ó lè bá a wí pé ó fura. Ìlọrin àtijọ́ kò retí mọ́tò. Àwọn agboolé tí ó yí Ọjà Ọba ká, títí dé Pàkátà àti Òkèlele, ẹsẹ̀ ènìyàn àti pátákò ẹṣin ni wọ́n la ọ̀nà inú wọn fún. Nítorí náà, ẹni tí ó bá gbé ọkọ̀ sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ lè ti dí ẹnu ìsọ̀ ẹlòmíràn láìmọ̀. Ní Táńkẹ̀ àti Gáà Àkánbí, ọ̀pọ̀ ayálégbé ni wọ́n jọ ń lo àgbàlá kan, ẹni tí ó wọlé kẹ́yìn ni wọ́n sì máa ń jí ní aago márùn-ún àárọ̀ kí ẹni tí ó wà nínú lọ́hùn-ún tó lè rí ọ̀nà jáde. Ní Ọ̀fà, Òmù-Àrán àti Àjàṣẹ́, àsìkò Iléyá àti Kérésìmesì ni ọ̀rọ̀ náà máa ń gbóná, nígbà tí àwọn ọmọ ìlú bá gbé ọkọ̀ dé láti Èkó tàbí Àbújá, tí ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ bá fara gbọgbẹ́ yóò sì tètè sọ pé ìlara ni. Gbogbo èyí lè mú kí ẹnìkan ba ọkọ̀ jẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n pé ẹnìkan ní ìdí láti ṣe nǹkan kò tíì fi hàn pé òun ni ó ṣe é.

Ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ bi léèrè. Ẹ má tíì fọ̀ ọ́, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọdé fọwọ́ pa á. Bí ó bá jẹ́ ilà ni, ẹ wo bí ilà náà ṣe rìn. Èyí tí kọ́kọ́rọ́ tàbí ìṣó fà sábà máa ń jinlẹ̀ dọ́gba, ó sì lè ti ilẹ̀kùn kan kọjá sí èkejì ní ìwọ̀n gíga kan náà, nítorí pé ẹni tí ó fà á ń rìn lọ ni. Ẹ̀ka igi a máa fi ọ̀pọ̀ ilà fẹ́ẹ́rẹ́ sílẹ̀. Ọwọ́ kẹ̀kẹ́ ọmọdé a máa ha ojú kan ṣoṣo. Pátákò ewúrẹ́, tí kò ṣọ̀wọ́n rárá nínú agboolé wa, a máa fi àmì kéékèèké sí orí bọ́nẹ́ẹ̀tì àti òrùlé ọkọ̀. Òrùlé tí ó tẹ̀ wọnú lábẹ́ igi máńgòrò ní oṣù Igbe kò nílò ọ̀tá kankan. Gíláàsì iwájú náà rí bẹ́ẹ̀: òkúta tí ó ta láti abẹ́ táyà tírélà lójú ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ lè ti dá ojú ọgbẹ́ kékeré sí i lára láìjẹ́ pé ẹ ṣàkíyèsí, kí oòrùn oṣù Ẹrẹ́nà wá pa á, kí ẹ sì tan ẹ̀rọ amúlétutù lé e lórí, kí ó là gbọọrọ. Ẹni tí kò bá rí ojú ọgbẹ́ àkọ́kọ́ yóò búra pé ẹnìkan sọ òkò lu òun.

Ní ti táyà, kí fọkanáísà kọ́kọ́ tú u, kí ó fi omi wá ojú ihò náà. Ìṣó tí ó wọ ojú táyà níbi tí ó ń tẹ ilẹ̀, ojú ọ̀nà ni ó sábà máa ń fún wa, pàápàá ní àdúgbò tí wọ́n bá ti ń kọ́lé lọ́wọ́, fáàfù tí ó sì ti gbó a máa jò díẹ̀díẹ̀ di ìdájí. Ṣùgbọ́n ọ̀bẹ a máa wá ẹ̀gbẹ́ táyà lọ, níbi tí ó ti fẹ́lẹ́, tí fọkanáísà kò sì ní gbà láti lẹ̀ ẹ́; ojú ibẹ̀ yóò gún régé, kò ní ya jánkanjànkan. Bí ẹ bá rí irú rẹ̀ lára táyà méjì ní òru kan náà, ìfura yín ti ní ẹsẹ̀ tí ó fi dúró.

Ẹ̀sùn kan wà tí ó yẹ kí n dúró lé lórí, nítorí pé ó ti ya ọ̀pọ̀ ọmọ ilé nípá: pé wọ́n da ṣúgà sí táńkì. Ṣúgà kì í yọ́ nínú bẹntiróòlù. Ìsàlẹ̀ táńkì ni ó máa ń lọ jókòó sí, ohun tí ó sì lè ṣe ni kí ó dí fílítà bí ó bá pọ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń já lu ara rẹ̀, tí ó sì ń kú lójú ọ̀nà, omi ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Omi wúwo ju bẹntiróòlù lọ, ìsàlẹ̀ náà ni ó máa ń wà, ibẹ̀ sì ni pọ́ńpù ti ń fa epo. Omi ọ̀hún lè ti bá epo wọlé láti ilé epo tí ẹ ti rà á, kí ó máà ní ọwọ́ aládùúgbò kankan nínú. Kí mẹkáníìkì fa díẹ̀ nínú epo ìsàlẹ̀ táńkì sínú ìgò funfun, kí ó gbé e kalẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Bí omi bá wà níbẹ̀, yóò ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀. Mo rọ̀ yín pé kí ẹ ṣe èyí kí orúkọ ẹnikẹ́ni tó jáde lẹ́nu yín, nítorí pé orúkọ tí ó bá ti jáde kò ṣeé dá padà sínú.

Ibì kan wà tí n kò ti ní sọ pé kí ẹ mú sùúrù. Ìfura loògùn àgbà. Bí ó bá jẹ́ pé ẹnìkan ti halẹ̀ mọ́ yín, tí ẹ sì bá omi ọ̀rá-ọ̀rá lábẹ́ ọkọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, tàbí tí búréèkì rọ̀ wọlẹ̀ nígbà tí ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ má wa ọkọ̀ náà kúrò lójú kan, bí ó ti wù kí ibi tí ẹ ń lọ ṣe pàtàkì tó. Omi lásán tí ó ń kán láti ara ẹ̀rọ amúlétutù kò léwu. Òróró búréèkì yàtọ̀ sí i, nítorí pé yóò yọ̀ lọ́wọ́. Ẹ pe mẹkáníìkì wá síbẹ̀, kí ó wo rọ́bà búréèkì bóyá ó gbó ni tàbí wọ́n gé e. Bí wọ́n bá gé e, ọ̀rọ̀ náà ti kúrò ní ti agboolé. Ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá ni kí ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà gan-an.

Lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá ti sọ tirẹ̀, ẹ wá bi ènìyàn. Ẹ ya fọ́tò láti òkèèrè, kí ibi tí ọkọ̀ dúró sí hàn, kí ẹ sì ya ti ojú ọgbẹ́ náà nítòsí. Bí ilé oògùn tàbí oní-POS kan nítòsí bá ní kámẹ́rà, ọjọ́ náà ni kí ẹ bẹ̀ wọ́n, nítorí pé ọ̀pọ̀ irú kámẹ́rà bẹ́ẹ̀ ni ó ń fi àwòrán tuntun pa ti àtijọ́ rẹ́ bí àyè inú rẹ̀ bá kún. Ọ̀nà tí a ń gbà béèrè ọ̀rọ̀ sì ṣe pàtàkì púpọ̀. Ẹni tí ó dúró láàárín agboolé, tí ó ń pariwo pé, "Ẹni tó ṣe é mọ ara rẹ̀!", ti sọ gbogbo ará ilé di olùjẹ́jọ́, kò sì sí ẹni tí yóò fẹ́ jẹ́rìí fún un mọ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá lọ sọ́dọ̀ ìyá tí ń din àkàrà ní ìdájí, tí ó kúnlẹ̀ tàbí dọ̀bálẹ̀, tí ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, ìyá wa. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ǹjẹ́ ẹ kíyè sí ẹnikẹ́ni nítòsí ọkọ̀ mi láàárọ̀ yìí?", ó ṣeé ṣe kí ó gbọ́ pé ọlọ́kadà kan ni ó ha á, tí ó sì sá lọ. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ẹ fura sí náà, ṣùgbọ́n gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.

Àwa tí a dàgbà ní ìlú kéú kò ní àwáwí lórí èyí. Súrà Hujurat, ẹsẹ 12, pàṣẹ pé kí a jìnnà sí ọ̀pọ̀lọpọ̀ àbá dídá, nítorí pé ẹ̀ṣẹ̀ ni apá kan nínú rẹ̀. Ẹsẹ 6 nínú súrà kan náà sì ní bí òbìlẹ̀jẹ́ bá mú ìròyìn wá, kí a wádìí rẹ̀ dájú, kí a má bàa ṣe àwọn kan ní ibi ní àìmọ̀. Síbẹ̀, àwọn kan yóò tọ aríran lọ, kí ó bá wọn wo ẹni tí ó ṣe é. Ohun tí ó bà mí nínú jẹ́ jù nìyí, nítorí pé ẹni tí ẹ ti ṣàròyé rẹ̀ fún aríran ni aríran yóò ṣàpèjúwe padà fún yín, ẹ ó sì bá ìkórìíra dé ilé dípò ẹ̀rí. Bákan náà ni kíka Yàsíìn lé ẹni tí ẹ kò mọ̀ lórí nítorí ọ̀dà ọkọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe é.

Bí ẹ̀rí bá wà ńkọ́? "A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́" ni àwọn àgbà wí, mo sì gbà pé fún ìgbà àkọ́kọ́, fún ilà tàbí díńgí tí wọ́n fọ́, ọ̀dọ̀ baálé tàbí Magájí àdúgbò ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ, nítorí pé ẹ ó ṣì jọ máa gbé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n òwe yìí kò sọ pé kí ẹni tí wọ́n ń yọ lẹ́nu lóṣooṣù dákẹ́. Kwara wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tí ó jogún Penal Code, ìwé òfin ìwà ọ̀daràn tí Àríwá bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní ọdún 1960. Òfin náà ka bíba dúkìá ẹlòmíràn jẹ́ sí ọ̀ràn bí ẹni tí ó ṣe é bá gbèrò ìpalára, tàbí tí ó mọ̀ pé ìpalára lè ti ibẹ̀ wá. Ìjìyà rẹ̀ lè tó ẹ̀wọ̀n ọdún 2, tàbí owó ìtanràn, tàbí méjèèjì. Ìwé òfin kan náà sì ní ìjìyà fún ẹni tí ó bá ba ẹlòmíràn lórúkọ jẹ́, àti fún ẹni tí ó bá mọ̀ọ́mọ̀ gbé irọ́ lọ fún ọlọ́pàá.

Ẹ má retí owó láti ọ̀dọ̀ ìnṣọ́ránsì third party, èyí tí owó rẹ̀ di ₦15,000 fún ọkọ̀ aládàáni láti oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2023. Dúkìá àti ara ẹlòmíràn tí ọkọ̀ yín bá pa lára ni ó wà fún. Èyí tí wọ́n ń pè ní comprehensive ni ó lè san irú ìbàjẹ́ yìí, bí ẹ bá fi tó wọn létí kí ẹ tó tún ọkọ̀ ṣe, tí ẹ sì ní ìwé láti àgọ́ ọlọ́pàá.

Bí ẹni náà bá jẹ́wọ́ níwájú àwọn àgbà, kí pánẹ́ẹ̀lì bítà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sọ iye tí àtúnṣe yóò gbà, kí wọ́n má fi ìbínú bu owó lé e. Kí wọ́n kọ iye náà sílẹ̀, àti ọjọ́ tí yóò san án, kí ẹ̀yin méjèèjì fọwọ́ sí i, kí baálé náà fọwọ́ sí i. Nínú ìwé kan náà ni kí wọ́n ti kọ ibi tí ẹ ó máa gbé ọkọ̀ sí láti ọjọ́ náà lọ, nítorí pé ó ṣeé ṣe kí ẹni tí ó fi kọ́kọ́rọ́ ha ọkọ̀ yín ti bẹ̀ yín tẹ́lẹ̀, tí ẹ kò fetí sí i, pé ẹ ń dí ẹnu ìsọ̀ ìyàwó òun.