Ológbò inú ilé tó sọnù: ẹ má kàn béèrè, ẹ bẹ àwọn aládùúgbò kí ẹ wọlé wò ó

Bí ológbò ẹnì kan bá sọnù ládùúgbò wa, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí yóò gbọ́ ni, "Ológbò kẹ̀? Ẹ fi sílẹ̀, yóò padà wá fúnra rẹ̀." Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ kò ní ibi nínú, ó fẹ́ tuni nínú ni. Ṣùgbọ́n èmi kò fara mọ́ ọn, n kò sì ní dákẹ́ lórí rẹ̀ mọ́. Bó bá jẹ́ ológbò tó ń gbé inú ilé, tí kì í jáde, ìmọ̀ràn yẹn lè pa á.

Ológbò Ọjà-Ọba ní Ìlọrin níbí yàtọ̀. Ìyẹn mọ ìgbà tí àwọn ẹlẹ́ja ń pàtẹ, ó mọ òrùlé tó lè gbà kọjá, ó mọ ajá tó ń géni jẹ àti èyí tó kàn ń gbó lásán. Ó lè jáde lónìí kó padà lọ́tùnla, kí ara rẹ̀ sì le koko. Àmọ́ èyí tí wọ́n gbé wọlé láti kékeré, tí gbogbo ayé rẹ̀ kò kọjá pálọ̀, yàrá àti ilé ìdáná, ọ̀nà wo ni yóò gbà padà? Kò rìn ín rí. Ojú fèrèsé ló ti ń wo ọ̀kadà.

Irú ẹ̀ ni tèmi. Ṣèbíotimọ lorúkọ rẹ̀. (Àbúrò mi ọkùnrin ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ó ní òun mọ ẹni tí òun ń bá wí, kì í ṣe èmi.) Tanke là ń gbé, níhà Tipper Garage. Òṣìṣẹ́ tó wá tún páìpù tánkì ṣe ló ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn kalẹ̀ lọ́jọ́ náà. Òjò ń ṣú bọ̀, àrá sán gbàà, ó di fìrí. A ò rí i mọ́.

Kíá ni àlàyé bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. "Ó ti lọ wáyàwó." Ìyàwó wo? Wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá tipẹ́ nílé ìwòsàn ẹranko ti Yunifásítì Ìlọrin, akọ tí wọ́n bá sì tẹ̀ lọ́dàá kì í sábà sáré abo kiri mọ́. "Wọ́n ti jí i gbé." Ta ni yóò wá jí ológbò nínú òjò? "Ó ti lè dé Ganmo báyìí o."

Kò dé Ganmo tó jẹ́ ìlú mìíràn. Ohun tí ẹ̀rù ń mú ológbò bẹ́ẹ̀ ṣe ni pé kó wọ ihò tó sún mọ́ ọn jù, kó ká gúlútú, kó sì dákẹ́. Dídákẹ́ yẹn ló ń tàn wá jẹ. Ẹ lè dúró níbi tí ẹ ti lè fọwọ́ kàn án, kí ẹ máa pè é títí, kó má dáhùn, bó tiẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ ń fún un lóúnjẹ láràárọ̀. Ẹ má pè é ní aláìmoore. Lójú rẹ̀, bó bá ké, ó ti júwe ara rẹ̀ fún ohun tó ń lé e nìyẹn. Ìwádìí kan jáde ní 2018 tí wọ́n fi bi àwọn tí ológbò wọn sọnù léèrè, ìdáhùn tí wọ́n gbà lé ní 1,200. Nínú àwọn ológbò tí wọ́n rí padà, 75 nínú 100 ni kò kọjá 500 mítà sí ibi tí wọ́n ti jáde, àwọn tí kì í jáde tẹ́lẹ̀ sì tún sún mọ́lé jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Ohun kan tó mú kí wọ́n túbọ̀ máa rí wọn láàyè ni pé ẹni tó ni ín dìde, ó fi ojú ara rẹ̀ wá a.

Ṣé ẹ mọ iye féńsì tó wà nínú 500 mítà ní Tanke?

Mo dàgbà ní agbo ilé ní Pàkátà. Níbẹ̀, bí adìyẹ bá sọnù láàárọ̀, kó tó di àsárì ọmọ ẹnì kan á ti gbé e dé, á sì sọ fún ẹ pé abẹ́ ibùsùn ìyá àgbà báyìí ló ti lọ yé ẹyin sí. Kò sẹ́ni tó ń gba àyè kó tó wọ ìloro ẹnìkejì. Ní Tanke, ògiri gíga ni, ìgò fífọ́ lórí ògiri, géètì onírin, máígàádì lẹ́nu géètì. Ó pẹ́ tí mo ti ń juwọ́ sí àwọn èèyàn yìí látinú mọ́tò, n kò sì mọ ẹ̀yìnkùlé ẹnì kankan nínú wọn. Mo kanlẹ̀kùn, wọ́n ní, "Ẹ ń wá ta?" Mo ní ológbò. Wọ́n á wò mí láti òkè délẹ̀. "Kò sí ológbò níbí o." Géètì á padé.

Òótọ́ ni wọ́n sì ń sọ! Ibi tí mo ń lọ nìyẹn. Ẹni tó ní "n kò rí i" kò purọ́. Kò rí i lóòótọ́, torí kò wò ó. Ta ló ń bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ tánkì omi nílé ara rẹ̀? Ta ló ń yọjú sẹ́yìn àwọn páànù àlòkù tó fi ti ògiri látìgbà tó ti kọ́lé? "Ṣé ẹ rí i?" kò wúlò fún nǹkan kan. Ẹ̀bẹ̀ tó yẹ kí a bẹ̀ ni pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ kí n wọlé fi tọ́ọ̀ṣì wo ẹ̀yìnkùlé yín, kò ní pẹ́." Ó ń tini lójú, mo mọ̀. Abiyamọ bíi tèmi ń kúnlẹ̀ lẹ́nu géètì ọmọ àná nítorí ológbò. Ẹ kúnlẹ̀ náà.

Mo kọ́kọ́ rò pé ẹ̀rọ gbohùngbohùn mọ́sálásí yóò gbà wá. Ládàánì ò gbà, ó sì ní ẹ̀rí lọ́wọ́: hàdíìsì wà nínú Sahih Muslim pé ẹni tó bá gbọ́ tí ẹnì kan ń kéde ohun tó sọnù nínú mọ́sálásí, kó sọ fún un pé kí Ọlọ́hun má dá a padà fún un, torí wọn ò kọ́ mọ́sálásí fún ìyẹn. Mo ní háà, Àfáà, ẹ má ṣẹ́ èpè fún ológbò mi o! Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n dúró síta lẹ́bàá ibi tí wọ́n ti ń ṣe àlùwàlá, kí n máa fi àwòrán orí fóònù han àwọn tó ń jáde. Àwọn kan wò ó, wọ́n pòṣé. Ni Àfáà àgbà kan bá dúró, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ti Abu Qatada, ọ̀kan nínú àwọn sàábé Ànábì, tí ológbò wá mu nínú omi àlùwàlá rẹ̀, tó sì tẹ ohun tí omi wà nínú rẹ̀ fún un kó lè mu dáadáa, tó ní Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) sọ pé ológbò kì í ṣe ẹ̀gbin, ó wà lára àwọn tó ń rìn yí wa ká. Òṣé pípa dáwọ́ dúró. Ó wù mí kí a máa gbọ́ hàdíìsì yìí ní wàásù ju bí a ṣe ń gbọ́ ọ lọ, torí àwọn ọmọ tí mo ń rí tí wọ́n ń sọ òkò lu ológbò lójú pópó, ilé kéwú ni púpọ̀ nínú wọn ti ń bọ̀. Kí ẹ má sì sọ pé apá kan ni mo ń bá wí, ìyá oníṣọ́ọ̀ṣì kan lójú ọ̀nà wa ní kí n kúkú dúpẹ́, pé ohun tó bá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ jáde nílé ẹni, a kì í tún pè é wọlé. Mo ní ẹ ṣeun mà.

Òru ló dára jù láti wá a. Ọ̀sán Tanke kún fún ariwo jẹnẹrétọ̀ àti ọ̀kadà, ohun tí ẹ̀rù ń bà kò ní yọjú. Bí ilẹ̀ bá pa rọ́rọ́, òùngbẹ lè lé e jáde. Ohun kan tún wà lẹ́yìn ẹyinjú ológbò tó ń dá ìmọ́lẹ̀ padà bíi dígí. Bí ẹ bá gbé tọ́ọ̀ṣì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ara yín, tí ẹ ń rọra tàn án sábẹ́ nǹkan, ojú rẹ̀ lẹ máa kọ́kọ́ rí. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi, inú mi dùn pé NEPA mú iná lọ. Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún ọlọ́dẹ àdúgbò kí ẹ tó jáde o. Ẹni tó ń fi tọ́ọ̀ṣì wo abẹ́ mọ́tò onímọ́tò ní aago méjì òru, kó tó ṣàlàyé dé orí ológbò, wọ́n lè ti lù ú bolẹ̀.

Orúkọ yẹn náà tún dá wàhálà sílẹ̀. Mò ń pè é jẹ́jẹ́ lẹ́bàá ògiri ọkùnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra jíìpù, "Ṣèbíotimọ... Ṣèbíotimọ o...", ni fèrèsé òkè bá ṣí: "Ta lẹ ń bá wí?" Ó gba àlàyé.

Mo gbé ẹja ṣáwá yíyan sẹ́nu ilẹ̀kùn ẹ̀yìn pẹ̀lú aṣọ tó máa ń sùn lé. Àwọn kan ní kí n gbé iyanrìn tó ń yàgbẹ́ sí síta kó lè gbóòórùn ilé. N kò ṣe é. Àwọn akọ ológbò ìta ni òórùn yẹn máa pè wá, ẹni tó ń sá pamọ́ á sì túbọ̀ sá wọlẹ̀. Mo tún bẹ àwọn tó sún mọ́ wa kí wọ́n kó oògùn eku tí wọ́n fi sílẹ̀ kúrò, torí ológbò tó bá jẹ eku tó ti jẹ májèlé, òun náà lè bá a lọ. Ẹni tó bá sì rí i, kó má lé e, kó má fọwọ́ lásán gbá a mú. Ológbò tí ẹ̀rù bà ń gé èèyàn jẹ, dìgbòlugi kò sì mọ sórí ajá nìkan. Bó bá gé yín jẹ, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú egbò náà fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì gba ilé ìwòsàn lọ lójú ẹsẹ̀, ì báà jẹ́ ológbò tó mọ́ jù lọ láyé.

Ilé kejì sí tiwa ló wà. Ilé kejì! Abẹ́ pákó tí wọ́n tò sẹ́yìn ilé jẹnẹrétọ̀, nílé tí wọ́n ti fi gbogbo ẹnu sọ fún mi pé kò sí níbẹ̀. Ọmọkùnrin ìyá oníwàrà àdúgbò wa, tó ń bá mi gbé tọ́ọ̀ṣì, ló rí ojú méjì tó ń tàn. Ṣèbíotimọ ti rù, ó dọ̀tí, kò ké pìn-ìn. A ò fà á. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo ṣí ẹja inú agolo, a pa tọ́ọ̀ṣì, a dákẹ́. Ó pẹ́ kó tó rọra yọ. Baálé ilé dúró tì wá tòun ti ṣòkòtò tó fi ń sùn, ó ń sọ ọ́ lásọtúnsọ pé, "Ó ti ń sùn nílé mi látọjọ́ yìí, n ò mọ̀! Ilé ara mi!"

Mo ti ṣèlérí owó fún ẹni tó bá rí i, mo sì kó o fún ọmọ náà. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ìyá rẹ̀ dá owó náà padà, ó tún di wàrà díndín sínú ọ̀rá wá fún mi. Ó ní àwọn kì í gbowó lórí irú ẹ̀. Ó ní ohun tí òun ń fẹ́ ni kí n bá òun mú ọmọ kan nínú èyí tí Ṣèbíotimọ bá bí, torí eku ti fẹ́ jẹ òun tán nínú ṣọ́ọ̀bù. Mo ní, ẹ má bínú, Ìyá, wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá. Ó figbe ta: "Ẹ tẹ ọmọ ọlọ́mọ lọ́dàá? Kí ló fi ṣe yín?" Mo gbìyànjú láti ṣàlàyé, kò gbọ́. Mo ti bá a rí ọmọ ológbò kan ní àdúgbò Fate lẹ́yìn ìgbà náà, abo ni, ó sì ti kìlọ̀ fún mi pé n kò gbọdọ̀ gbé e sún mọ́ Yunifásítì.