Ẹ̀fọn ibà pọ́njú ò sí nínú gọ́tà, inú dùrọ́ọ̀mù omi yín ló wà

Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ti ní ibà pọ́njú, èyí tí òyìnbó ń pè ní yellow fever, bẹ́ sílẹ̀ níbì kan, ohun tẹ́ ẹ máa kọ́kọ́ gbọ́ lẹ́nu àwọn èèyàn wa ni "ìdọ̀tí ni jàre, ẹ wo gọ́tà wọn bó ṣe ń rùn." Irọ́ ni. Mi ò ní kẹ́ ẹ má kó gọ́tà o, ẹ̀fọn míì wà níbẹ̀ tó ń jẹni lóru, àmọ́ èyí tó ń gbé ibà pọ́njú kiri, Aedes aegypti, tí ẹsẹ̀ ẹ̀ ní ìlà funfun funfun, ojúmọmọ ló ń jẹ èèyàn, omi tó mọ́ gaara ló sì ń wá láti yé ẹyin sí, omi òjò inú dùrọ́ọ̀mù, omi àmù, omi inú táyà tẹ́ ẹ jù sẹ́yìnkùlé.

Àwọn tí ìgbàgbọ́ yìí fojú wọn rí màbo ni ará New Orleans, èbúté ńlá tí ọkọ̀ ń gba Gulf of Mexico wọ̀ ní Amẹ́ríkà. Ní 1853, ibà pọ́njú pa bí èèyàn 8,000 níbẹ̀. Wọ́n ní afẹ́fẹ́ burúkú inú ìdọ̀tí ló fà á, ni wọ́n bá ń sun ọ̀dà dúdú lójú títì kí èéfín ẹ̀ lè lé e lọ, wọ́n tún ń yin àgbá, ẹ rò ó wò ná, kí ara èèyàn máa gbóná lórí bẹ́ẹ̀dì kí wọ́n wá máa yin àgbá sí i létí. Àwọn míì ní aṣọ òkú ló ń kó o ranni. Ẹ̀yìn ilé tiwọn wá ńkọ́? Tánkì onígi gàgàrà ló wà níbẹ̀ tí wọ́n ń gbe omi òjò sí, torí kò sí omi ẹ̀rọ gidi, òun ni wọ́n ń mu, inú ẹ̀ náà sì ni tanwíji ti ń ṣeré. Kódà nígbà tí wọ́n wá ń fi èéfín imí ọjọ́ kun inú àwọn ọkọ̀ tó ń gúnlẹ̀, wọ́n rò pé àìsàn tó wà lára ẹrù làwọn ń pa, ẹ̀fọn inú ọkọ̀ ló ń kú.

Dókítà kan ní Cuba, Carlos Finlay, ti sọ ọ́ ní 1881 pé ẹ̀fọn ni, ó tó ogún ọdún kí wọ́n tó kà á sí. Ìgbà tí ṣọ́jà Amẹ́ríkà gba Havana, olú ìlú Cuba, wọ́n gbá ìlú yẹn mọ́ tónítóní, wọ́n kó gbogbo pàǹtírí, síbẹ̀ ibà pọ́njú tún gbóná sí i ní 1900. Ọdún yẹn náà ni Walter Reed, dókítà ṣọ́jà Amẹ́ríkà, àtàwọn èèyàn ẹ̀ kọ́ ilé kékeré kan lẹ́yìn ìlú, wọ́n dí i pa, wọ́n dá sítóòfù sínú ẹ̀ kó lè móoru, wọ́n wá kó aṣọ àti bùláńkẹ́ẹ̀tì àwọn tí ibà pọ́njú dá gúnlẹ̀ wọbẹ̀, èyí tí èébì dúdú àti ìgbẹ́ ti gbẹ mọ́ lára. Dókítà kan àti ṣọ́jà méjì ló kọ́kọ́ sùn síbẹ̀. Bí wọ́n ṣe ṣí àpótí aṣọ ọ̀hún, òórùn lé wọn jáde, wọ́n tún padà wọlé, ogún òru gbáko ni wọ́n fi sùn lórí ìdọ̀tí yẹn, ibà ò ṣe ẹnì kankan. Ilé kejì mọ́ tónítóní, nẹ́ẹ̀tì ni wọ́n fi pín in sí méjì, ẹ̀fọn tó ti jẹ aláìsàn wà lápá kan. Ọkùnrin tó wọ apá ibi tí ẹ̀fọn wà, àìsàn gbé e ṣánlẹ̀ lọ́jọ́ Kérésì, àwọn tó wà lódìkejì nẹ́ẹ̀tì ò ní nǹkan kan.

Nígbà tó tún wá bẹ́ ní New Orleans ní 1905, wọn ò yin àgbá mọ́. Wọ́n fi nẹ́ẹ̀tì bo orí àwọn tánkì, wọ́n da epo díẹ̀ sójú omi kó tẹ́ bo gbogbo ẹ̀, tanwíji tó bá gòkè wá mí á rí i pé ọ̀nà ti dí, èèyàn á sì ṣì máa rí omi fà látẹ̀ẹ́rù nísàlẹ̀. Ó pa èèyàn tó lé ní 400, ó dunni, àmọ́ kí òtútù tó dé ni wọ́n ti ṣẹ́gun ẹ̀, bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀ òtútù nìkan ló ń lé e lọ. Kò tún padà jà bẹ́ẹ̀ ní Amẹ́ríkà látìgbà náà.

Ẹ má sọ pé ọ̀rọ̀ òyìnbó lèyí o. Ní 1987 ó jà ní Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ̀fọn inú omi ilé yìí náà ló gbé e kiri. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn bàbá yín ohun tí wolé-wolé máa ń yọjú wò láyé ọjọ́un, ṣebí inú àmù ni, tó bá rí tanwíji níbẹ̀ ẹjọ́ dé.

Ẹ dé dùrọ́ọ̀mù yín pa. Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ da omi ẹ̀ nù, ẹ fi kànrìnkàn fọ inú ẹ̀ dáadáa lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, torí ara ògiri ẹ̀ ni ẹyin máa ń lẹ̀ mọ́, ó lè gbẹ síbẹ̀ fún oṣù mélòó kan, tí omi tuntun bá ti kàn án báyìí, ó ti pa nìyẹn. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ẹ̀ náà wà, WHO, àjọ ìlera àgbáyé, ní téèyàn bá gbà á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ó ti tó títí ayé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ra yẹ́lò káàdì láìgba abẹ́rẹ́ wá ńkọ́, ṣé ẹ̀fọn lẹ fẹ́ fi hàn ni?